Àmì Ẹ̀sìn Láàárín Àwọn Ọ̀rẹ́ Orí Lẹ́tà: Ìtàn Zamenhof àti Àdúrà Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbikíbi tí àwọn àjèjì bá ti ń kọ̀wé sí ara wọn kí wọ́n lè di ọ̀rẹ́. Ẹnìkan á ya àgbélébùú sí òkè lẹ́tà rẹ̀. Ẹlòmíràn á fi orúkọ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ẹnìkẹta á ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ kúrò ńlẹ̀, nítorí pé ọ̀rẹ́ ni òun ń wá, òun kò wá ìjọ tí òun yóò dara pọ̀ mọ́. Ta ni ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ nínú àwọn mẹ́ta yìí? N kò ní fi ẹnu lásán dá ẹjọ́ náà. Ìtàn kan wà tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí gbọ̀ngbọ̀n, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. Ìtàn àwọn tí ń sọ èdè Esperanto ni, àti bí ẹni tí ó dá èdè náà sílẹ̀ ṣe gé ẹsẹ kan kúrò nínú àdúrà tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè kì í fi bẹ́ẹ̀ ka èdè àtọwọ́dá kún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá béèrè nípa Esperanto nínú kíláàsì, gbólóhùn méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń dá a lóhùn tí a ó fi padà sórí fónẹ́mù. Mo gbà pé a ń fi nǹkan du ara wa. Nítorí pé ojú gírámà nìkan ni a fi ń wo èdè yìí, a kò rí i pé orí lẹ́tà ni a ti bí i, orí lẹ́tà ni ó sì ti dàgbà. Láti ọdún 1887 títí di ọdún 1905, púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ni kò tíì bá ọmọ ilẹ̀ mìíràn sọ ọ́ lójúkojú rí. Ìwé ni wọ́n ń kọ. Àwùjọ àwọn ọ̀rẹ́ orí lẹ́tà ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n tó di ohunkóhun mìíràn.

Ludwik Lejzer Zamenhof ni orúkọ ọkùnrin náà. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1859 ní ìlú Białystok, tí ó wà lábẹ́ ọba Rọ́ṣíà nígbà náà, tí ó sì wà ní ilẹ̀ Pólándì lónìí. Júù ni. Ẹ̀yà mẹ́rin ni ó ń gbé ìlú náà, ẹ̀sìn wọn kò pa pọ̀, èdè wọn kò sì bára mu: àwọn Júù tí ń sọ Yídíìṣì, àwọn ọmọ Pólándì tí wọ́n jẹ́ Kátólíìkì, àwọn ará Rọ́ṣíà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, àti àwọn ará Jámánì. Láti kékeré ni Zamenhof ti gbà pé bí wọ́n bá ní èdè kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú wọn, ọ̀tá yóò dínkù láàárín wọn. Iṣẹ́ dókítà ojú ni ó fi ń jẹun nígbà tí ó dàgbà, kò sì là nídìí iṣẹ́ náà. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ni ó bá a gbówó kalẹ̀ láti tẹ ìwé pẹlẹbẹ tí ó gbé jáde ní Warsaw ní ọdún 1887. Kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Dókítà Esperanto ni ó pe ara rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ó ń retí. Orúkọ òǹkọ̀wé yìí ni ó wá di orúkọ èdè náà.

Ẹ jẹ́ kí á ṣí ìwé pẹlẹbẹ yẹn wò, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Òfin gírámà 16 wà níbẹ̀, àti nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Àwọn àpẹẹrẹ ni ó tẹ̀ lé wọn. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́ ni Àdúrà Olúwa, ìyẹn "Baba wa tí ń bẹ ní ọ̀run" tí gbogbo Kìrìsìtẹ́nì mọ̀. Ìkejì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ìkẹta ni lẹ́tà kan tí ọ̀rẹ́ kọ sí ọ̀rẹ́. Àwọn ewì díẹ̀ ni ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi àwọn ìwé ìlérí kékeré kún un, tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè gé jáde, kí ó fọwọ́ sí i pé òun yóò kọ́ èdè náà bí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn bá ṣe irú ìlérí kan náà.

Ṣé ẹ rí i? Júù ni ó kọ ìwé yìí, àdúrà àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni ó sì fi ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tí kò mọ àṣà àwọn onímọ̀ èdè ìgbà náà lè rò pé ó ń wá ojú rere ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Yúróòpù ti ń fi Àdúrà Olúwa ṣe òṣùwọ̀n èdè. Ìwé tí Adelung, ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọdún 1806, tí ó pè ní Mithridates, kó àdúrà yìí jọ ní èdè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Lójú wọn, àdúrà náà ti kúrò ní àmì ẹ̀sìn, ó ti di ohun èlò bí ìgbà tí alájàpá bá fi kóńgò wọn ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ojú ta ni ó ti kúrò ní àmì ẹ̀sìn? Ojú ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Júù tàbí Mùsùlùmí tí ó ṣí ìwé náà mọ ẹni tí ó ni àdúrà yẹn dáadáa. Àmì ẹ̀sìn tí ó bá pọ̀ jù lọ láwùjọ kì í pẹ́ di ohun tí ojú kò rí mọ́. Èyí tí ó bá kéré ni gbogbo ènìyàn máa ń rí.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nínú èdè wa. Láti inú èdè Lárúbáwá ni "àdúrà", "àlàáfíà", "wàásù" àti "àlùfáà" ti wọlé tọ̀ wá nípasẹ̀ ẹ̀sìn Ìmàle, síbẹ̀ kò sí pásítọ̀ tí ó ń ronú nípa èyí bí ó ti ń fi wọ́n sọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ. Nínú Esperanto fúnra rẹ̀, "adiaŭ" ni wọ́n fi ń dágbére. Ọ̀rọ̀ Faransé ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ sì ni pé a fi ọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ní òun kò fẹ́ kí ẹ̀sìn yọjú nínú lẹ́tà kankan, kódà yóò ṣòro fún un láti dágbére.

Ní ọdún 1889, Zamenhof tẹ ìwé àdírẹ́sì kan jáde, Adresaro ni ó pè é. Orúkọ àti àdírẹ́sì 1,000 ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀, púpọ̀ jù lọ wọn ní ilẹ̀ ọba Rọ́ṣíà. Bí o bá ti kọ́ èdè náà, o lè mú orúkọ kan nínú ìwé yìí kí o sì kọ̀wé sí onítọ̀hún. Àní Zamenhof tilẹ̀ sọ pé o lè kọ̀wé sí ẹni tí kò tíì kọ́ ọ rárá, kí o ṣáà ti fi ìwé atúmọ̀ èdè kékeré sínú àpò ìwé kan náà. Lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò rí rí, ní èdè tí a kò gbọ́ rí! Àwọn baba wa tí ń fi àrokò ránṣẹ́ ìbá mọ irú èrò yìí, àmọ́ wọ́n á béèrè bóyá ẹni tí ó gbà á lè tú u. Bí owó ẹyọ méjì bá dojú kọra, ìfẹ́ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Owó ẹyọ kan náà ni.

Ọdún 1889 náà ni ìwé ìròyìn wọn, La Esperantisto, bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Nuremberg ní Jámánì. Ìwé ìròyìn yìí ni ó so wọ́n pọ̀. Ní ọdún 1895, ó gbé ọ̀rọ̀ kan jáde láti ọwọ́ Tolstoy, òǹkọ̀wé ńlá ilẹ̀ Rọ́ṣíà, lórí ọgbọ́n orí àti ìgbàgbọ́. Ìjọba Rọ́ṣíà kò fẹ́ ohun tí Tolstoy ń sọ nípa ẹ̀sìn, àwọn tí ń yẹ ìwé wò fún ìjọba sì fi òfin de ìwé ìròyìn náà pátápátá. Bẹ́ẹ̀ Rọ́ṣíà ni púpọ̀ jù lọ àwọn tí ń sanwó rẹ̀ wà. Kí ọdún náà tó parí, La Esperantisto ti kú. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn yóò ná wọn ní nǹkan gidi, n kò sì lè dá àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù lẹ́yìn náà lẹ́bi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló a sá.

Ẹ̀rù yẹn ni wọ́n gbé lọ sí Boulogne-sur-Mer.

Ìlú etí òkun ni Boulogne ní ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ orí lẹ́tà yìí ti kọ́kọ́ rí ojú ara wọn, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1905. Àwọn 688 ni ó wá láti ilẹ̀ 20. Ẹ ro ohun tí ìpàdé bẹ́ẹ̀ jẹ́ wò: ẹni tí o ti ń kọ̀wé sí fún ọdún mẹ́wàá ni ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin yìí, o kò mọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀. Alfred Michaux, agbẹjọ́rò kan ní ìlú náà, ni ó ṣètò rẹ̀. Zamenhof múra ọ̀rọ̀ ìṣíde sílẹ̀, ó sì fi ewì kan parí rẹ̀, tí ó jẹ́ àdúrà. Àdúrà náà kò dárúkọ ọlọ́run ẹ̀sìn kankan. Agbára àìrí kan tí ó ń darí ayé ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ní ẹsẹ tí ó kẹ́yìn nìkan ni ó ti dárúkọ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, àwọn Júù àti àwọn Mùsùlùmí, tí ó ní ọmọ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn.

Nígbà tí àwọn olórí ẹgbẹ́ ní Faransé gbọ́ ohun tí ó fẹ́ kà, ara wọn kò balẹ̀ rárá. Kí á tó bínú sí wọn, ẹ jẹ́ kí á mọ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Láti ọdún 1894 tí wọ́n ti fi ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kan Dreyfus, ọ̀gágun kan tí ó jẹ́ Júù, ni ilẹ̀ Faransé ti pín sí méjì, ọdún 1906 ni wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ mọ́ pátápátá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1905 kan náà, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn àpéjọ náà, ni òfin tí ó ya ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára ìjọ jáde níbẹ̀. Kí Júù kan láti Warsaw dìde lójú gbogbo oníwèé ìròyìn kí ó máa gbàdúrà! Wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó yọ àdúrà náà kúrò. Ó kọ̀. Ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé yóò ka àdúrà náà, ṣùgbọ́n kò ní ka ẹsẹ tí ó kẹ́yìn.

Ó kà á bẹ́ẹ̀, àtẹ́wọ́ sì pọ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí wọ́n gé kúrò, èyí tí kì í ṣe ẹsẹ ewì. Émile Javal, dókítà ojú olókìkí tí òun náà jẹ́ Júù, wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ takuntakun kí àwọn oníwèé ìròyìn má baà kọ ọ́ pé Júù ni Zamenhof. Wọ́n ṣe é, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yọrí pátápátá. Dókítà ará Pólándì tàbí ti Rọ́ṣíà ni púpọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn pè é.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Nínú àpéjọ kan náà ni wọ́n ti fọwọ́ sí Ìkéde Boulogne, tí Zamenhof fúnra rẹ̀ kọ, tí ó sọ pé iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni láti tan èdè tí kò ṣègbè kálẹ̀, àti pé ìgbàgbọ́ tàbí ìrètí yòówù tí ẹnikẹ́ni bá so mọ́ ọn, ti ara ẹni ni. Òfin dáadáa ni. Èmi fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó san owó rẹ̀. Àwọn Kátólíìkì ti ní ìwé ìròyìn tiwọn ní èdè náà láti ọdún 1903, Espero Katolika, tí àlùfáà ará Faransé kan tí ń jẹ́ Emile Peltier dá sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó bọ́ ẹ̀wù àlùfáà rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kọ̀wé sí ọ̀rẹ́. Bí ó bá ṣe pé nítorí òfin àìṣègbè nìkan ni, ìbá kan gbogbo wọn bákan náà. Zamenhof nìkan ni wọ́n ní kí ó fi ohun tí ó jẹ́ pamọ́, kì í ṣe nítorí pé ó wàásù, nítorí pé wọ́n bí i ni.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ẹjọ́ ẹni tí ó ní kí a kó gbogbo àmì kúrò ńlẹ̀ láìkọ́kọ́ béèrè pé àmì ta ni yóò kúrò ní tòótọ́. Orúkọ ènìyàn wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, oúnjẹ tí kì í jẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí ń jẹ́ Ràfíù kò lè yọ ẹ̀sìn kúrò nínú ìfọwọ́sí lẹ́tà rẹ̀ àyàfi bí ó bá yọ orúkọ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé Zamenhof kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀sìn sílẹ̀ sílé tí ó bá ń jáde. Ní ọdún 1901 ó ti gbé ìwé kan jáde lórí Hilelismo, tí ó fi sọ orí Hillel, àgbà olùkọ́ Júù ayé àtijọ́ tí ó kọ́ni pé kí ènìyàn má ṣe ohun tí òun kò fẹ́ sí ẹlòmíràn. Ní ọdún 1906 ó sọ ọ́ di Homaranismo, ọ̀nà láti jẹ́ kí oníkálukú dúró sínú ẹ̀sìn rẹ̀ kí gbogbo wọn sì ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Louis de Beaufront, tí ó jẹ́ olórí wọn ní Faransé, wà lára wọn. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ fi Esperanto sílẹ̀ lọ bá Ido, èdè àtọwọ́dá mìíràn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1906 kan náà, wọ́n pa àwọn Júù nípakúpa ní Białystok, ìlú tí wọ́n ti bí i. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Geneva lọ́dún yẹn, kò fi í pamọ́ mọ́. Ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú rẹ̀ fún wọn, ó sì sọ pé òun kò ní bá wọn lọ́wọ́ sí Esperanto tí yóò wà fún ọjà títà àti ìrìn àjò nìkan. Ó ní èrò kan wà nínú rẹ̀, interna ideo ni ó pè é, èrò ti inú lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di òfin fún ẹgbẹ́. Ní Kraków ní ọdún 1912, ó sọ ipò olórí kalẹ̀ kí ohun tí òun bá gbà gbọ́ má baà di ẹrù lórí àwọn tó kù. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé Homaranismo. Nígbà tí àwọn Júù Esperanto fẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1914, ó kọ̀ láti wọ̀ ọ́, bí ó tilẹ̀ mọ ìyà tí ó mú wọn dá a sílẹ̀. Ọkùnrin yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín àsíá tí gbogbo ènìyàn dúró sí abẹ́ rẹ̀ àti lẹ́tà tí ẹnìkan fọwọ́ sí. Mo rò pé ó mọ̀ ọ́n ju àwọn tí ó ń kọ́ ọ lọ.

Nípa àsíá náà, kò yẹ kí n gbójú fo ìràwọ̀. Ní Boulogne ni wọ́n ti gba àsíá aláwọ̀ ewé tí ó ní ìràwọ̀ onígun márùn-ún. Àwọ̀ ewé dúró fún ìrètí, wọ́n sì ní igun márààrún dúró fún apá ilẹ̀ ayé márùn-ún. Wọ́n ṣe é ní báàjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ aṣọ kí àwọn ọ̀rẹ́ orí lẹ́tà lè dá ara wọn mọ̀ ní ibùdókọ̀. Ó yá mi lẹ́rìn-ín pé àwọn tí ó sá fún àmì ẹ̀sìn fi àmì tiwọn rọ́pò, tí àwọn kan nínú wọn sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn òrìṣà ilé. Ọmọ ènìyàn kò lè kóra jọ láìní ohun tí yóò gbé sókè.

Ìràwọ̀ yìí náà kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Hitler ti dárúkọ Esperanto gẹ́gẹ́ bí irin iṣẹ́ àwọn Júù nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1936 ni ìjọba rẹ̀ fòfin de àwọn ẹgbẹ́ Esperanto ní Jámánì. Ní ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì, ní ọdún 1937 àti 1938, kíkọ lẹ́tà sí òkè òkun tó láti sọ ènìyàn di amí lójú àwọn ọlọ́pàá Stalin. Wọ́n yìnbọn pa Ernest Drezen, tí ó ti jẹ́ olórí ẹgbẹ́ níbẹ̀, ní ọdún 1937. Àwọn ọmọ Zamenhof mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ogun náà gbé lọ. Wọ́n yìnbọn pa Adam ní ọdún 1940. Zofia àti Lidia kú ní Treblinka ní ọdún 1942. Lidia ti di ọmọ ẹ̀sìn Bahá'í, ó sì ti rin ìrìn àjò púpọ̀ láti kọ́ ènìyàn ní èdè bàbá rẹ̀ àti láti sọ nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn tí ó pa á kò béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbí rẹ̀ ni wọ́n wò.

Zamenhof ti kú kí ó tó rí gbogbo èyí, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1917, ní Warsaw. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ó túmọ̀ Májẹ̀mú Láéláé láti èdè Hébérù sí Esperanto. Ọdún 1926 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ Májẹ̀mú Titun, British and Foreign Bible Society ni ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹgbẹ́ kan náà tí ó tẹ Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther ṣe aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀. Itẹ́ òkú àwọn Júù ní Warsaw ni wọ́n sin ín sí, ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé sì wà lójú ibojì rẹ̀. Ẹsẹ ewì tí wọ́n gé ní Boulogne kò sọnù. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú àkójọ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì, Júù àti Mùsùlùmí sì wà nínú rẹ̀ pọ̀ bí ó ti kọ ọ́.